Rélùwéè Tí Kò Lójú Irin

Kò sí ojú irin ní Òkè-Ògùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Kò gba Ṣakí kọjá, kò gba Tẹ̀dé, ará Ìṣẹ́yìn tó bá sì fẹ́ fojú rí ọkọ̀ ojú irin, àfi kó múra Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1982, bí ẹ bá bá obìnrin kan tó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì ní Tẹ̀dé, tí ẹ bi í pé kí ló ń dúró dè, yóò dá yín lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Rélùwéè ni." Bọ́ọ̀sì ló ń pè bẹ́ẹ̀ o, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé gbàgàdà kan tó ń gba ogójì èrò, tó ń ti Ṣakí lọ sí Ìṣẹ́yìn láàárọ̀, tó sì ń padà lọ́sàn-án. Ládòkun ló sọ bọ́ọ̀sì di rélùwéè.

Ọmọ Ṣakí ni Ládòkun. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe gáàdì lórí ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Gáàdì ni ẹni tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, tó ń fọn fèrè, tó ń ju àsíá, kí awakọ̀ tó wà níwájú lè mọ̀ pé ó yá. Nígbà tó wọṣẹ́, aago ni ọkọ̀ fi ń rìn. Nígbà tó fi máa kúrò, nǹkan ti dojú rú. Ọkọ̀ tó yẹ kó dé láàárọ̀ lè dé nírọ̀lẹ́, ó sì lè di ọ̀la. Pípẹ́ náà nìkan kọ́ ló dun Ládòkun. Ohun tó dùn ún jù ni àwọn ìyá àgbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, tí wọ́n máa ń wá bá a pé, "Bàbá Gáàdì, ìgbà wo ló máa dé?" Òun tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó de fìlà iṣẹ́, kò mọ̀. Á kàn ní, "Ó ti ń bọ̀, ẹ ṣe sùúrù." Ó máa ń sọ fún Àwáwù ìyàwó rẹ̀ pé, nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òun láyé, irọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun jù lọ́jọ́ ìdájọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wá sí Ṣakí, tí wọ́n ní kó wá máa bójú tó o, kò ṣe é bí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ó ṣe é bí ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́. Ó gbé fèrè rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó so okùn tuntun mọ́ ọn, ó sì pe Gbádébọ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n fi ṣe awakọ̀.

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ó máa gbéra ní Ṣakí," ni Ládòkun wí.

Gbádébọ̀ ti fi ọdún mẹ́sàn-án wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó mọ òfin gáréèjì ju bó ṣe mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. "Ìyẹn bó bá kún, àbí, Bàbá?"

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo wí."

"Bí kò bá wá kún ńkọ́?"

"Gbádébọ̀, ṣé aago ní ikùn ni, tó fi máa kún?"

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa nígbà náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wèrè ni bàbá yìí ń sọ. Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti dé ilẹ̀ yìí, kíkún ọkọ̀ ni àkókò ọkọ̀. Èèyàn á wọkọ̀ láàárọ̀, á jẹun nínú rẹ̀, á sùn, á jí, á bọ́ sílẹ̀ lọ kírun ọ̀sán, á padà wá bá a ní ojú kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò méje péré ni bọ́ọ̀sì gbé kúrò ní Ṣakí. Gbogbo gáréèjì fi Ládòkun ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ tà ní Ìṣẹ́yìn. Ní oṣù kẹta, ẹni tó bá dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú ogún kì í ráyè jókòó mọ́.

Bí aago méjìlá ààbọ̀ bá ti lù lọ́sàn-án, bọ́ọ̀sì á kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Bó bá di aago méjì ààbọ̀, ó ti dé Tẹ̀dé. Aago mẹ́ta ààbọ̀, ó ti wà ní Ṣakí. Òjò kò dá a dúró, ọjọ́ ọjà kò dá a dúró. Àwọn ará Tẹ̀dé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣètò ayé wọn. Àwọn tíṣà ń fi ìró rẹ̀ yí aago padà sí bó ṣe yẹ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó gbé omi ọkà kaná. Àwọn ará Irawo náà á gun kẹ̀kẹ́ wá sí Tẹ̀dé wá wọ̀ ọ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń ná ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀ rí i pé kò sí èrò fún àwọn mọ́ ní ọ̀sán, wọ́n bá kó lọ sí ojú ọ̀nà Ìgbòho. Kò sí ẹni tó dárò wọn nígbà náà. Ta ní máa dárò ọkọ̀ tó ń jò, nígbà tí rélùwéè wà?

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cornelius ló ń tọ́jú aláìsàn ní dìsípẹ́ńsárì kékeré tó wà ní Tẹ̀dé. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Ládòkun pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù níṣẹ́ òun ni aboyún tí ìrọbí rẹ̀ bá le, nítorí Ṣakí ni ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù tó lè ṣe é wà, òun kò sì ní ọkọ̀.

"Ẹ gbé e wá sẹ́bàá títì," ni Ládòkun wí. "Aago méjì ààbọ̀ ni mo máa wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ò bá rí mi, ẹ mọ̀ pé mo ti kú."

Láàárín ọdún kan ààbọ̀, aboyún mẹ́rin ló gbé bẹ́ẹ̀ lọ sí Ṣakí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́mọ bọ̀ wálé.

Àṣé ohun tó dára ní owó tirẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bàbá arúgbó kan wà ní Tẹ̀dé, Ògúndìran ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá ju Ládòkun lọ. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìṣẹ́yìn ni ìròyìn bá a níbẹ̀ pé àbúrò rẹ̀ kú mọ́jú ní Tẹ̀dé. Mùsùlùmí ni àbúrò náà. Wọn kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a lókè eèpẹ̀. Ògúndìran gbá fìlà mórí, ó sáré lọ sí gáréèjì. Ládòkun rí i. Ó rí bàbá arúgbó tó ń sáré bọ̀, tó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, tó ń ju ìkejì sókè. Kò ju ọgbọ̀n ẹsẹ̀ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n aago méjìlá ààbọ̀ ti pé, fèrè sì ti dún. Kò mọ̀ pé òkú wà nílẹ̀. Ó na ọwọ́ fún Gbádébọ̀ pé kó máa lọ.

Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní wákàtí yẹn mọ́. Orí bẹ́ǹṣì gáréèjì ni Ògúndìran sùn. Nígbà tó fi dé Tẹ̀dé lọ́jọ́ kejì, erùpẹ̀ orí sàréè ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán bọ̀rọ̀. Wọ́n bú Ládòkun ní Tẹ̀dé, wọ́n bú u ní Ṣakí. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé ọjà lákòókò, tí wọ́n ń fi í délé lákòókò, àwọn gan-an ló ń sọ pé ojú rẹ̀ ò ṣeun. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé aago òyìnbó ti jẹ ọkàn rẹ̀ tán. Ládòkun lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ògúndìran. Bàbá náà ò pariwo. Ó ní, "Ládòkun, o ò ṣẹ̀ mí, aago ló ṣẹ̀ mí. Aago ò lè wá bẹ̀ mí, ìwọ lo wá. Dìde." Ìyẹn dun Ládòkun ju èébú lọ.

Àwáwù ìyàwó rẹ̀ pàápàá sọ ọ́ sí i lójú. "Bàbá Àdìjátù, ìgbà tí ẹ bá kú, ṣé aago ló máa gbé yín sin ni, àbí èèyàn?"

Àdìjátù nìkan ni kò dá a lẹ́bi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó yè ni, Ràsáàkì àgbẹ̀ ló fẹ́ ẹ ní Tẹ̀dé, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn nígbà náà ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti mu omi lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá títì, bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí ẹ bá dúró dè, èèyàn kan ni. Àwọn tí ẹ máa pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ò mọ iye wọn." Ládòkun rẹ́rìn-ín, ó gbé ife padà fún un, ó fọn fèrè. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, bó bá ti di aago méjìlá ààbọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, bàbá arúgbó tó di fìlà mú ni ó máa ń rí lójú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn di ọjọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1982, lákòókò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ògúndìran wọ bọ́ọ̀sì ní Tẹ̀dé. Ojú ló ń dùn ún; wọ́n ní kó wá sí ọsibítù Ìṣẹ́yìn kí wọ́n bá a tọ́jú ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká Ládòkun. "Mo máa bá yín padà o. Gáàdì, jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀ lónìí."

Aago méjìlá ààbọ̀ lù, Ògúndìran kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti kún. Gbádébọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀. Ládòkun fi fèrè sẹ́nu, ló bá gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìn. Mojọlá ni, obìnrin Tẹ̀dé tó ń ta òwú aṣọ òfì.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Gáàdì, Bàbá Ògúndìran ń bọ̀! Mo kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ọsibítù ni. Wọ́n ti ń bá wọn di ojú lọ́wọ́. Wọn ò ríran dáadáa, ẹ má tún dá wọn dá gáréèjì!"

Ogójì èèyàn ń wo Ládòkun, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ó yọ fèrè lẹ́nu.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí.

Ariwo ìdùnnú sọ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá! Ọlọ́run á dá yín sí fún wa!" Mojọlá bọ́ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ mú bàbá náà wá. Láti ọdún méjì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn kò kí Ládòkun bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n máa ń gbọ́kàn lé e ni, wọn kì í yìn ín. Kò sì séèyàn tí ìyìn kì í dùn mọ́, bó ti wù kó le tó.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún. Ládòkun wo aago, ó wo ojú ọ̀nà. Ó rò ó lọ́kàn pé bí òun bá lọ nísinsìnyí, òun ti pẹ́, òun sì tún fi bàbá sílẹ̀. Ẹ̀bi méjèèjì á wá pé sọ́rùn òun. Ogún di ogójì. Gbádébọ̀ pa iná ọkọ̀. Àwọn èrò ra àgbàdo sísun, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tàkurọ̀sọ. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni. Wọ́n padà sínú rẹ̀ bí ẹni padà sílé. Ládòkun nìkan ló ń làágùn nínú gbogbo wọn.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Mojọlá fa Ògúndìran dé lọ́wọ́, tí aṣọ funfun wà lójú rẹ̀ kan. Bàbá náà fọwọ́ wá Ládòkun títí ó fi dì í mú. "O dúró dè mí?" ló wí. "Ládòkun, ìwọ lo dúró dè mí? Ọlọ́run ò ní fi ojú rẹ sunkún ọmọ." Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Ládòkun náà ṣe àmín.

"Bàbá, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀?" ni Gbádébọ̀ bi í nígbà tí wọ́n jáde ní ìlú.

"Má sáré. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ọkọ̀."

Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn lójú ọ̀nà yẹn. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ àti oko bàbà tó ń kọjá. Ẹrù kan ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń rò ó pé bóyá òun ti le jù lóòótọ́, bóyá èèyàn lè máa ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n yọ sí Tẹ̀dé ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ibi tí àwọn èrò máa ń dúró sí, lábẹ́ igi ẹmì, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọn kò sì dúró bí èrò ọkọ̀. Àwọn obìnrin ta aṣọ yí nǹkan kan ká. Cornelius jáde sí àárín títì kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Kò kí Ládòkun. Ẹ̀jẹ̀ wà lápá aṣọ rẹ̀.

"Àdìjátù ni," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Ládòkun kò mọ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ funfun bí èlùbọ́, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Ràsáàkì ọkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín ọ̀nà láàárín ìjókòó, Cornelius àti obìnrin àgbà méjì kúnlẹ̀ tì í. Ògúndìran dúró lẹ́bàá títì tòun ti aṣọ ojú rẹ̀, ó ń béèrè pé, "Kí ló dé? Ta ni?" Bọ́ọ̀sì gbéra.

Ojú ọ̀nà ni Ràsáàkì ti sọ ọ́ fún un. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan èèyàn. Ó kàn ń sọ ọ́ ni, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé.

"Aago kan ni Cornelius ti ní ká gbé e lọ sí Ṣakí. A gbé e wá sí títì. Ọkọ̀ iṣu kan ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méjì nígbà yẹn. Awakọ̀ dúró. Ó ní òun á ti iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká gbé e sókè. Èmi ti di apá rẹ̀ mú. Àdìjátù bá ní òun ò wọ̀ ọ́. Ó ní ọkọ̀ iṣu á gbọn òun jù, àti pé kò ju ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ mọ́ tí rélùwéè máa dé. Ó ní kí ni wọ́n máa sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Gáàdì wọ ọkọ̀ iṣu, nígbà tí bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ wà lọ́nà? Ọkọ̀ iṣu bá lọ. Bàbá, nígbà tó di aago méjì ààbọ̀, ó tún dá ara rẹ̀ dìde jókòó. Ó ní ká palẹ̀ ẹrù òun mọ́, pé ẹ ti dé."

Láti ìgbà náà, Ràsáàkì wí, kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá. Alùpùpù ni wọ́n rí, ta ní máa gbé obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gun alùpùpù?

Ní àwọn abúlé tó wà láàárín Tẹ̀dé sí Ṣakí, àwọn èèyàn dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tẹrùtẹrù, wọ́n ń na ọwọ́. Gbádébọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ kọjá. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì lẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọmọ náà wáyé nígbà tí ó ku nǹkan bí máìlì mẹ́fà kí wọ́n dé. Ó sunkún, ohùn rẹ̀ sì le. Ọkùnrin ni. Àwọn obìnrin àgbà náà ní, "Abíọ́nà dé o! Abíọ́nà, káàbọ̀!" nítorí orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà nìyẹn, kò sẹ́ni tó nílò láti rò ó. Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Cornelius kò gbójú sókè. Ó ń fi aṣọ lé aṣọ, gbogbo rẹ̀ ń pọ́n.

Àdìjátù fojú wá bàbá rẹ̀. Ládòkun tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ pẹ́ lónìí."

Ládòkun di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni?"

Ẹnu Ládòkun là fúnra rẹ̀. Ó ní, "Táyà ló fọ́, ọmọ mi."

"Mo mọ̀," ni Àdìjátù wí. "Mo sọ fún wọn. Mo ní bí kì í bá ṣe ọkọ̀, ẹ ò lè pẹ́."

Ó dijú. Gbogbo èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ló gbọ́, àwọn tó ti Ìṣẹ́yìn wá sì mọ̀ pé táyà kankan kò fọ́. Mojọlá, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ ní Tẹ̀dé, fi gèlè bo ẹnu. Báyìí ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti sáré gbé e wọlé. Kò pẹ́ tí dókítà fi jáde. Ó gbìyànjú láti rọra sọ ọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù; ó ní bí wọ́n bá gbé e dé ní bíi wákàtí kan sẹ́yìn ni, nǹkan kan ì bá wà tí àwọn lè ṣe. Kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún.

Wọ́n sin Àdìjátù kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ó wá bọ́ sí i pé àdúrà ìyá àti ìsọmọlórúkọ ọmọ jẹ́ ọjọ́ kan náà, nílé kan náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nínú kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn kún àgbàlá Ládòkun ní Ṣakí. Wọ́n wá láti Tẹ̀dé, wọ́n wá láti Irawo. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì, àwọn onígáréèjì. Ràsáàkì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwáwù wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ. Láti ọjọ́ náà, kò tíì dá Ládòkun lẹ́bi, kò sì tíì bá a sọ ju "ẹ jẹun" lọ.

Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń dì í lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń sọ fún un pé ó ṣe ohun tó dára, pé ó ṣàánú àgbàlagbà, pé ẹni tó bá ṣe rere, kó má kábàámọ̀. Àwọn kan ní ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ̀ pé èèyàn ni. Ó ń wò wọ́n. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Áfà ka Kùránì, ó sọ ọmọ lórúkọ, ó sì wàásù. Ó ní ikú kì í ṣi ọjọ́ mú. Ó ní ọjọ́ tí Ọlọ́run kọ mọ́ Àdìjátù ló pé, àkókò rẹ̀ ló tó, kò sì sí ẹ̀dá tó lè fi ìṣẹ́jú kan kún un tàbí kó fi ìṣẹ́jú kan dín in kù. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ni, ó sì máa ń tu èèyàn nínú.

Ló bá di pé Ògúndìran dìde láàárín èrò. Wọ́n ti tú aṣọ lójú rẹ̀. Bàbá arúgbó yìí rìn wá sí iwájú Ládòkun tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Ládòkun dì í mú lápá méjèèjì, kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo dá ọ dúró," ni Ògúndìran wí, tó ń sunkún. "Ká ní mo mọ̀, ǹ bá jẹ́ kí ojú náà fọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi ríran?"

"Ẹ̀yin bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ yín kọ́ ni aago wà."

"Ládòkun," ni Áfà wí jẹ́ẹ́, "má fi ẹrù Ọlọ́run ru ara rẹ. Àkókò rẹ̀ ló tó."

Ládòkun tọ́ Ògúndìran jókòó sórí ẹní. Ó nàró. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọkọ̀ ojú irin, ọdún méjì nínú bọ́ọ̀sì, kò tíì gbóhùn sókè báyìí rí láàárín èrò láìsí fèrè lẹ́nu.

"Ó bi mí bóyá ọkọ̀ bàjẹ́, mo purọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má tún bá mi pa òmíràn mọ́ ọn. Ẹ ní àkókò rẹ̀ ló tó. Áfà, mo mọ àkókò rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó dìde jókòó dè é. Aago méjì ààbọ̀ ni. Èmi ni mi ò dé."